Ọwọ́ Ló Ń Kú, Ìjókòó Ni Mo Tún Ṣe

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejì ọdún 2024 ni Bàbá Tíṣà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò gun kẹ̀kẹ́ wọn wá, wọ́n ń tì í bọ̀ ni. Ó ti lé ní ọdún 19 tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì mọ̀ pé bí àgbà bá ń ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ le, tí ṣéènì rẹ̀ kò já, ọ̀rọ̀ náà ju kẹ̀kẹ́ lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é," ni wọ́n wí. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. "Ìka méjì yìí ni kó o bá mi wò. Wọ́n ti kú. Mo ń rí wọn lójú, ṣùgbọ́n n ò mọ̀ wọ́n lára."

Ọmọńdinrín àti ìka òrùka ni. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ ń ṣe àwọn bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Bí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé ìwé, wọ́n á gbọn ọwọ́, á sì lọ. Nígbà tó yá, wọ́n á gbọn ọwọ́ títí, kò ní lọ àfi bí oòrùn bá ti mú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jí wọn lóru. Ohun tó wá lé wọn jáde nílé lọ́jọ́ Ajé yẹn ni pé lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta nídìí ìṣirò kan ṣoṣo, kíláàsì sì pa lọ́lọ́. Bọ́tìnnì ẹ̀wù wọn, ìyàwó wọn ló ti ń bá wọn kì í. Òkèlè èbà ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn kó tó kan ọbẹ̀. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n ń sọ ìyẹn.

Kí n sọ bí wọ́n ṣe dé orí kẹ̀kẹ́. Máṣíìnì tiwọn ni wọ́n ń gùn lọ síṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí lítà epo bẹ́ láti ìsàlẹ̀ ₦200 lọ sí òkè ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n jókòó ṣe ìṣirò owó oṣù wọn, wọ́n sì gbé máṣíìnì tì sẹ́yìn ilé. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tí ọmọ wọn ọkùnrin fi sílẹ̀ nígbà tó wọ yunifásítì ni wọ́n mú. Láti oṣù Kẹsàn-án tí ilé ìwé wọlé, ọ̀nà Odògbolú ni wọ́n ń gbà lọ, ìṣẹ́jú 40 ní àlọ, 40 ní àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ara wọn sì jí pépé. Ikùn wọn fà, ìfúnpá wọn wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fẹ́ gbọ́ kí n ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, èmi náà kò sì fẹ́ sọ ọ́.

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnu oríṣiríṣi ti sọ tirẹ̀. Aládùúgbò kan ní ẹ̀gbà ló ń bọ̀ yẹn. Ẹlẹgbẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́ ní kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn wọn dáadáa, torí orúkọ wọn wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ọ̀gá. Ìyàwó wọn ti se àgbo ìgò mẹ́ta. N kò fi èyíkéyìí nínú rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹni tí ọwọ́ tó fi ń jẹun bá ń kú mọ́ ọn lára, ẹ̀rù gbọ́dọ̀ bà á. Ìbéèrè kan ni mo bi wọ́n: nígbà ìsinmi Kérésìmesì tí wọn kò gun kẹ̀kẹ́, báwo ló ṣe rí? Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní ó dín kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, àfi ìgbà tí ilé ìwé wọlé tó tún gbérí. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti dáhùn ara yín. Ohun tó bá kẹ̀kẹ́ lọ, tó sì bá kẹ̀kẹ́ padà, ara kẹ̀kẹ́ la ti máa wá a."

Àṣìṣe àkọ́kọ́, èmi ni mo ṣe é, ó sì yẹ kó wà nínú àkọsílẹ̀ yìí. Mo wo ibi tó ń dùn wọ́n, ibẹ̀ náà ni mo tún ṣe. Mo gé fóòmù, mo fi wé ibi ìdìmú háńdù lọ́tùn-ún lósì, mo fi túùbù àtijọ́ dì í lórí pinpin. Ó rọ̀ lọ́wọ́ bíi tìmùtìmù. Bàbá Tíṣà súre fún mi kí wọ́n tó lọ. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n padà wá. Ti ọ̀tún ti burú sí i, ọmọńdinrín òsì náà ti ń ṣe pajápajá.

Ìdìmú tó bá nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ kì í yí i ká tán. Ẹni tó dì í mú ní láti fún un kankan kó má baà yọ̀, fífún yẹn á sì tún dá kún ìnira ọwọ́. Ìwúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ kò dín kù rárá. Tìmùtìmù ni mo kàn fi sábẹ́ ẹrù, ẹrù ṣì wà níbẹ̀. Mo tú u, mo dá owó wọn padà, mo ní iṣẹ́ yìí ju ohun tí èmi nìkan lè dá ṣe lọ, ká lọ rí dókítà ná.

Wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn, torí àwọn ò ní lè ṣàlàyé kẹ̀kẹ́. Dókítà wò wọ́n, ó ní ká lọ sí yàrá àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìfọwọ́ra àti eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti eegun. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló gbà wá níbẹ̀, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, mo sì ń rántí ohun tó fọwọ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn bíi pé àná ni.

Ó mú tákàdá pélébé kan, ó ní kí Bàbá Tíṣà fi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìka ìlábẹ̀, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kó bọ́. Ó fà á. Tákàdá kò mira. Ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún mú un. Bó ṣe fà á ni mo rí i tí orí àtàǹpàkò ká kò, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná wá nǹkan dìmú, tákàdá sì yọ́ jáde wẹ́rẹ́. Bàbá Tíṣà wo àtàǹpàkò náà bí ẹni wo ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀. Obìnrin náà rọra ṣàlàyé fún wọn pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọmọńdinrín kan náà ló ń fún ẹran tó ń fa àtàǹpàkò mọ́ra lágbára. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí ṣọ́ọ̀kì fi ń bọ́.

Ó tún fa òwú díẹ̀, ó fi ń pa ọwọ́ wọn. Nínú ọmọńdinrín, lápá àtẹ́lẹwọ́, wọn ò mọ̀ ọ́n lára. Lẹ́yìn ọwọ́, lápá ọmọńdinrín yẹn náà, wọ́n mọ̀ ọ́n kedere. Ó ní ohun tí òun fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ẹ̀ka iṣan tó ń lọ sẹ́yìn ọwọ́ ti yà kúrò kí iṣan tó dé ọrùn ọwọ́. Bó bá jẹ́ ìgúnpá tàbí ọrùn ni nǹkan ti fún un mọ́, ẹ̀yìn ọwọ́ ì bá ti bá a kú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yìn wà láàyè tí inú kú, ọrùn ọwọ́ ni wàhálà wà.

Ẹ̀yin náà lè fọwọ́ kan ibẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìdí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, lápá ọmọńdinrín, gẹ́rẹ́ tí ọrùn ọwọ́ parí sí. Egungun kékeré kan á kò yín lọ́wọ́, roboto bí ẹ̀wà. Láàárín òun àti egungun mìíràn tó ká bí ìwọ̀ ni ojú ọ̀nà tóóró kan wà, ibẹ̀ ni iṣan náà ń gbà wọ ọwọ́. Òun ni iṣan tó máa ń ta jìì bí iná mànàmáná bí a bá fi ìgúnpá gbá nǹkan. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé kan, Félix Guyon, ló ṣàpèjúwe ọ̀nà tóóró yẹn lọ́dún 1861, orúkọ rẹ̀ ni àwọn dókítà sì fi ń pè é títí dòní. Ohun tó bo iṣan náà níbẹ̀ kò nípọn. Bí èèyàn bá gbé ìdí àtẹ́lẹwọ́ lé háńdù, tó fi ara tì í, orí iṣan yẹn gan-an ló fi ara lé. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ débi pé àwọn dókítà ní orúkọ kan fún un tí wọ́n fi háńdù kẹ̀kẹ́ sọ.

Ó bi wọ́n léèrè ọrùn, ó bi wọ́n léèrè ẹsẹ̀, ó gún ìka wọn láti wo ṣúgà. Ṣúgà wọn dáa. Ó ní bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ń kú pẹ̀lú ọwọ́ ni, ìtọ̀ ṣúgà ni òun ì bá kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ àtàǹpàkò, ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín ló ń kú, iṣan mìíràn nìyẹn, tó gba àárín ọrùn ọwọ́ kọjá, títẹ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́ sì máa ń ni ín lára. Ó wá wo èmi àti Bàbá Tíṣà lójú, ó ní bí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá kú lójijì, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, kí a má wo kẹ̀kẹ́, kí a má wo àgbo, ọsibítù lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ìtọ́jú tó fún wọn kò le. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì gun kẹ̀kẹ́ lọ síṣẹ́. Ohun kan tí wọ́n á máa dè mọ́ ọrùn ọwọ́ lóru kó má baà tẹ̀. Kí wọ́n máa na ìka, kí wọ́n máa yà wọ́n síra, kí wọ́n tún máa pa wọ́n pọ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "mo lè fún ọwọ́ wọn nísinmi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà sórí kẹ̀kẹ́ yẹn bó ṣe wà, wọ́n á tún padà wá bá mi. Kí ló gbé ara wọn lé ọwọ́ wọn?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé relé. Mo ń rò ó lóru ni ọkàn mi lọ sí Ojúde Ọba. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ààfin Awùjalẹ̀ lọ́jọ́ kẹta Iléyá á ti rí àwọn ọmọ ìdílé Balógun lórí ẹṣin. Gbogbo wa ń wo aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ wọn. Ìjánu wà lọ́wọ́ kan, wọ́n rọra mú un, ọwọ́ kejì ń kí ọba. Ìdí wọn ló gbé wọn ró nínú gàárì, ẹsẹ̀ wọn sì ń bá a gbé e. Ẹni tó bá fi gbogbo ìwúwo ara fa ìjánu, ẹṣin á fi hàn án lójú ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í ta èèyàn nù bí ẹṣin. Ó máa gbé e lọ ni, yóò sì máa gba owó rẹ̀ lára ìka.

Lọ́jọ́ Àìkú, kí mọ́tò tó pọ̀ ní títì, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri, mo ní kí Bàbá Tíṣà gun orí rẹ̀ bíi pé wọ́n ń lọ síṣẹ́. Mo sọdá gọ́tà lọ sí òdì kejì. N kò wo kẹ̀kẹ́, ara wọn ni mo wò. Apá wọn nà gan bíi ti ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà. Èjìká wọn ti fẹ́ kan etí. Ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí wọn ń yọ̀ wá síwájú lórí ìjókòó díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi ọwọ́ ti ara padà sẹ́yìn, á tún yọ̀. Mo ka ìgbà mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi ìyẹn ro ìṣẹ́jú 40.

Mo ní kí wọ́n rọra wà á lọ lójú títì tó tẹ́jú, èmi ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ mi wà lára ìjókòó. Mo ní kí wọ́n kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò lórí háńdù ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, kí wọ́n má tẹ̀ síwájú. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ bá bá ara rẹ̀ mu lè ṣe é kó sì ka ení dé ẹ̀ta. Kí wọ́n tó ka ení, àyà wọn ti já lọ sórí háńdù.

Mo gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lé ìjókòó láti ìdí dé imú, mo gbé lẹ́fẹ́lì bíríkìlà lé e lórí. Afẹ́fẹ́ roboto inú rẹ̀ sá lọ sẹ́yìn pátápátá. Imú ìjókòó fi ìbú ìka méjì rẹlẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ.

"Bàbá, ta ló yí imú ìjókòó yìí sílẹ̀?"

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn tó bá wa wá, wọ́n ní kó jọ̀ọ́ kó bá àwọn ra omi wá. Nígbà tó lọ tán ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn ni. Ìjókòó náà ń gún àwọn níbi tí kò ṣeé sọ níta, àwọn sì mú sípánà, àwọn tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ kó lè rọ̀ àwọn lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń ṣe èyí láì sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ó máa ń fún wọn ní ìtura lóòótọ́, fún ọjọ́ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó ń gún wọn? Mo ní kí wọ́n padà sórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dà nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátá. Gìgísẹ̀ kò kàn án. Wọ́n ní láti yẹ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó kàn. Ọmọ wọn tó ni kẹ̀kẹ́ fi orí kan ga jù wọ́n lọ. Láti ọjọ́ tó ti fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ ìjókòó náà kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti so kọ́ra lójú mi. Ìjókòó ga, ó ń gún wọn. Ó ń gún wọn, wọ́n tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀. Imú wálẹ̀, ara ń yọ̀ síwájú, ọwọ́ ló sì ń dá ara dúró láti ilé dé ibi iṣẹ́, títí iṣan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun bí ẹ̀wà fi rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí èmi ń wé fóòmù mọ́ háńdù, abẹ́ ìdí wọn ni àrùn náà wà.

Mo sọ ìjókòó kalẹ̀ títí gìgísẹ̀ wọn fi tẹ pẹ́dà nísàlẹ̀ tí orúnkún sì nà tán. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 5 ló wálẹ̀. Mo wá fi sípánà 13 tú nọ́ọ̀tì méjèèjì abẹ́ ìjókòó, mo sì ń gbé imú rẹ̀ dìde. Eyín kéékèèké wà lára irin tó di ìjókòó mú yẹn, ẹyọ eyín kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá fi ẹyọ kan lọ sókè jù, á tún máa gún wọn. Bó bá fi ẹyọ kan wálẹ̀ jù, a ti padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dì í, tí mo tún tú u, kí lẹ́fẹ́lì tó dọ́gba tí ara wọn sì gbà á. Mo tún tì í sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 1 lórí irin rẹ̀, torí bí ìdí bá wà lẹ́yìn díẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dà á máa bá ọwọ́ gbé ara.

Kí n tó fọwọ́ kan háńdù rárá, mo ní ká tún padà sójú títì. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè. Wọ́n kà á sókè bíi ti kíláàsì: ení, èjì, ẹ̀ta. Ìyàwó wọn tó ti dé pẹ̀lú omi pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ló tó kan háńdù. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, háńdù rẹ̀ ká wá sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún, ìjókòó rẹ̀ fẹ̀, sípíríǹgì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣánṣán ni èèyàn máa ń jókòó lórí rẹ̀. Bàbá mi fi tirẹ̀ kó obì láti Ìjẹ̀bú-Igbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí pé ọwọ́ ń kú. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó kún ìgboro báyìí, tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gun òkè nínú igbó, háńdù rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan bí ọ̀pá, ó rẹlẹ̀, ó sì jìnnà. Ti Bàbá Tíṣà ṣì jẹ́ irú èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣeé fà sókè. Mo fi álínkíì tú bóòtù orí rẹ̀ díẹ̀, mo fi igi lù ú wálẹ̀ kí ohun tó há mọ́ inú rẹ̀ lè tú, mo sì fa ọrùn náà sókè ní sẹ̀ǹtímítà 4. Ìlà kan wà lára irin yẹn tó ń sọ ibi tí fífà gbọ́dọ̀ mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á kọjá ìlà náà, torí háńdù lè já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lójú títì.

Mo yí bíréèkì wálẹ̀ kí ìka lè bá a láì jẹ́ pé ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Mo fi ìdìmú rọ́bà tuntun tí kò nípọn sí i. Táyà le bí òkúta: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ 40 sí 65 PSI, ìyẹn ìwọ̀n bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó, fọkanáísà sì ti fi ẹ̀rọ fún un dé òkè pátá, bẹ́ẹ̀ gbogbo gbágungbàgun ọ̀nà ń gba háńdù wọ àtẹ́lẹwọ́. Mo dá a padà sí 45. Báàgì ìwé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn tó kìlógíráàmù 8, ó sì ń ti àyà wọn síwájú láti ilé dé ilé ìwé. Mo de kárìà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ni báàgì ń jókòó báyìí.

Gílọ́ọ̀fù ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Wọ́n rí ọ̀kan tó ní fóòmù díẹ̀ lọ́jà òkìrìkà, wọ́n gé orí ìka rẹ̀. Ó wúlò, àmọ́ kó má fún ọrùn ọwọ́ jù. Ẹni tó bá fi gílọ́ọ̀fù ṣe àkọ́kọ́ ti ṣe bí èmi ṣe ṣe pẹ̀lú fóòmù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn le fún wọn, torí owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. Nígbà tó pé, ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 20, kí wọ́n tó gba ọ̀nà Odògbolú padà. Mo kọ́ wọn pé kí ìgúnpá máa ká díẹ̀, kí wọ́n di háńdù mú bí ẹni mú ẹyin, kí ọwọ́ má sì wà lójú kan pẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀bá òde háńdù, nígbà mìíràn kí ìka nìkan wà lórí rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá tẹ́jú tí ọkọ̀ ò sí, kí wọ́n sọ ọwọ́ kan kalẹ̀, kí wọ́n gbọ̀n ọ́n, kí wọ́n tó sọ ìkejì. Wọ́n ní ilé epo ni àwọn fi ń rántí: bí àwọn bá ti kọjá ọ̀kan, ọwọ́ á yí padà.

Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé mi bí ọwọ́ wọn ṣe ń yá. Ọ̀sẹ̀ kejì ìsinmi wọn ni jíjí òru dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọwọ́ òsì ti bọ̀ sípò, ìka òrùka ọ̀tún náà ti jí. Ọmọńdinrín ló pẹ́ jù; títí di ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n ní bíi pé àwọn ń fi aṣọ pa á ni. Lọ́sẹ̀ kẹjọ, a padà lọ bá obìnrin físíò náà. Ó mú tákàdá jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò ọ̀tún mú un, ó fà á. Tákàdá ya sí méjì. Orí ọmọńdinrín wọn ṣì wúwo díẹ̀ láàárọ̀ tí òtútù bá mú. Ó ní iṣan tó ti rẹ̀ pẹ́ kì í yára jí, kí wọ́n máa bá nína ìka lọ.

Ohun kan ló kù tó ń kọ mí lóminú. Ọmọ wọn ń bọ̀ nílé lọ́dún Àjíǹde, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ni. Mo mú ọ̀dà funfun, mo fi sàmì tẹ́ẹ́rẹ́ sára irin ìjókòó níbi tó ti wọ inú férémù, mo fi òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí imú ìjókòó ti dọ́gba, mo sì fún Bàbá Tíṣà ní sípánà 13 kan kó máa wà nílé.

Ọmọ náà dé lóòótọ́, ó gbé ìjókòó sókè, ó gun kẹ̀kẹ́ jáde. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bàbá Tíṣà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti tan tọ́ọ̀ṣì, àwọn ti rí ọ̀dà funfun náà, àwọn sì ti dá a padà síbẹ̀ fúnra àwọn. Mo bi wọ́n bóyá nọ́ọ̀tì náà le dáadáa. Wọ́n ní ó le, ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn fi dì í.